Béèsì Tí Mo Kọ́kọ́ Fojú Tẹ́ńbẹ́lú

Béèsì àkọ́kọ́ tí ó tẹ̀ mí lọ́wọ́ kì í ṣe tèmi. Ẹ̀gbọ́n kan nínú ẹgbẹ́ akọrin tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ni ó yá mi lò: jìtá olókùn mẹ́rin, píkọ́ọ̀pù kan ṣoṣo, ìyẹn ohun tí ń gba ìró okùn sínú wáyà, bọ́tìnì méjì péré, ọ̀dà ara rẹ̀ ti bó níbi tí apá ń gbé lé e, àwọn okùn rẹ̀ sì ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n náà bí ó ti yẹ kí ọmọ tí a kọ́ dúpẹ́, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí láti gbé e kọ́ ọrùn níwájú èrò. Èyí tí mo ń fẹ́ ni irú èyí tí mo máa ń rí nínú àwòrán, olókùn márùn-ún tàbí mẹ́fà, tí bọ́tìnì kún ojú rẹ̀, tí ìlà inú pákó rẹ̀ ń ṣe gbirigbiri bí omi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí.

Òǹkà ni mo fi ń ṣe ìdájọ́ nígbà náà. Mo gbà pé olókùn márùn-ún dára ju olókùn mẹ́rin lọ nítorí pé márùn-ún ju mẹ́rin lọ, àti pé ẹni tí ó ní píkọ́ọ̀pù méjì ti fi ọ̀kan ju ẹni tí ó ní ẹyọ kan. Bí mo bá dé ibi tí ẹgbẹ́ mìíràn ti ń ṣeré, ojú mi kì í kúrò lára béèsì wọn, bẹ́ẹ̀ ni n kì í rántí tẹ́tí sí ohun tí ẹni tí ó gbé e lọ́wọ́ ń ta.

Mo tilẹ̀ mọ ìtàn irú béèsì tí wọ́n yá mi, ṣùgbọ́n òdì ni mo gbọ́ ọ sí. Ọdún 1951 ni ilé-iṣẹ́ Fender gbé Precision Bass jáde ní Amẹ́ríkà. Kí ó tó dé, béèsì ńlá onípákó tí a ń gbé nàró, tí ó sábà máa ń ga ju ẹni tí ń ta á lọ, ni ó wọ́pọ̀, agbára káká sì ni a fi ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láàárín ìlù àti fèrè. Leo Fender, tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ jìtá ta, fi fúrẹ́ẹ̀tì sí ọrùn tirẹ̀, ìyẹn àwọn irin tín-ín-rín tí ó dábùú ọrùn jìtá, kí ìka lè bọ́ sórí ohùn tí ó péye, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti fa orúkọ rẹ̀ yọ, nítorí pé ìpéye ni Precision túmọ̀ sí. Ní 1957 wọ́n pín píkọ́ọ̀pù rẹ̀ sí méjì, apá kan fún okùn méjì, apá kejì fún méjì yòókù, ìrísí yẹn náà ni a sì mọ̀ ọ́n mọ́ di òní. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, ohun tí mo mú níbẹ̀ ni pé ohun àtijọ́ ni. Kò wá sí mi lọ́kàn láti béèrè ìdí tí ọ̀pọ̀ ọ̀jáfáfá kò fi rí nǹkan púpọ̀ tún ṣe lára rẹ̀ láti ìgbà yẹn wá.

Ọdún méjì ni mo fi tu owó jọ kí n tó ra béèsì olókùn márùn-ún tèmi, èyí tí ó ń lo bátìrì fólìtì 9 láti fi gbé ohùn rẹ̀ ga láti inú ara rẹ̀. Mo dá jìtá ẹ̀gbọ́n padà pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́, ó sì gbà á láìsọ ohunkóhun ju pé, “O kú oríire, àbúrò.” Nínú yàrá mi, kò sí ohun tí ó dùn tó o. Mo yí ìró ìsàlẹ̀ sókè dé òpin, mo yí ìró òkè sókè dé òpin, mo rẹ ìró àárín sílẹ̀ nítorí pé ó ń dún bí ẹni tí òtútù dí ní imú, mo sì jókòó ti áńpìlífáyà kékeré kan tí mò ń dárà. Ilẹ̀ ń mì lẹ́sẹ̀ mi. Okùn ń dún ṣaworo. Mo gbà pé mo ti gòkè àgbà.

Ìdánrawò àkọ́kọ́ tí mo gbé e lọ ni mo rí ohun tí n kò retí. A ta orin àkọ́kọ́ dé ìdajì, onílù wa dá ọwọ́ dúró, ó na ọrùn wo ẹ̀yìn áńpìlífáyà mi, ó ní, “Àbúrò, ṣé o wà níbẹ̀ báyìí?” Mo ní mo wà níbẹ̀. Ó ní òun kò gbọ́ ohùn kankan tí òun lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lé, afẹ́fẹ́ kan ni òun ń gbọ́ tí ń fẹ́ lábẹ́ orin. Mo yí ariwo sókè, afẹ́fẹ́ náà sì di ìjì. Gbogbo ilé ń kùn, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó lè tọ́ka sí nóòtù tí mò ń ta.

Ó pẹ́ kí ìdí rẹ̀ tó yé mi, n ó sì sọ ọ́ bí ó ti yé mi. Okùn E, tí ó nípọn jù lára béèsì olókùn mẹ́rin, máa ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 41 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, okùn B tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lára olókùn márùn-ún sì máa ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 31. Ọ̀pọ̀ sípíkà ni kò lè gbé ohùn tí ó lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ jáde dáadáa. Ohun tí etí fi ń mọ nóòtù ni àwọn ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó máa ń gun orí ìró ńlá yẹn, tí púpọ̀ nínú wọn sì ń gbé ní àárín, níbi tí mo ti fi ọwọ́ ara mi rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ìlù ńlá tí a ń fi ẹsẹ̀ lù ti gba ìsàlẹ̀, awo irin onílù àti jìtá kejì ti gba òkè, àárín ni ó kù fún mi, mo sì ti fi ìdùnnú kó kúrò níbẹ̀. Ohun tí ó dùn nínú yàrá nítorí pé èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀ ni ó sọ mí di ẹni àwátì láàárín ẹgbẹ́.

Mo kúkú ṣe àṣìṣe mìíràn lórí béèsì yẹn tí ó tún ojú tì mí jù èyí lọ. Kò sí ẹni tí ó sọ fún mi pé bí wáyà bá ti wà nídìí irú béèsì bẹ́ẹ̀, bátìrì rẹ̀ ń tán lọ, ìbáà jẹ́ pé a gbé e sí ilẹ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́. Bóyá ó tilẹ̀ wà nínú ìwé tí ó bá a wá, tí n kò kà. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí a ń ṣeré níwájú èrò, ohùn mi bẹ̀rẹ̀ sí í ha bí ọ̀fun ẹni tí ó sunkún mọ́jú, lẹ́yìn náà ó ń já, ó ń so, títí ó fi dákẹ́ pátápátá láàárín orin. Mo yẹ wáyà wò, mo yẹ áńpìlífáyà wò, mo ń làágùn. Ẹ̀gbọ́n tí mo dá jìtá padà fún wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà; ó dìde, ó lọ sí ẹ̀yìn, ó sì gbé jìtá olókùn dúdú náà wá fún mi láìbá mi wí. Mo fi wáyà sí i. Ó dún.

Síbẹ̀ kì í ṣe ọjọ́ yẹn ni èrò mi yí padà. Mo kàn gbà pé bátìrì ni ó dójú tì mí. Ọjọ́ tí èrò mi yí padà ni ọjọ́ tí a lọ gba ohùn sílẹ̀ ní sítúdíò, tí ẹni tí ó ń gba ohùn wa sílẹ̀ gbọ́ orin méjì lórí béèsì mi, tí ó sì fi sùúrù béèrè bóyá mo ní béèsì mìíràn. Ẹ̀gbọ́n tún yá mi tirẹ̀. Nígbà tí a parí, mo bẹ ọkùnrin náà pé kí ó jẹ́ kí n gbọ́ béèsì nìkan, kí ó pa gbogbo ohùn yòókù. Ohun tí mo gbọ́ kò dùn rárá: gbọn, gbọn, gbọn, bí ẹni tí ń fi ìkúùkù kan ilẹ̀kùn, kò sí dídán kankan lára rẹ̀, a tilẹ̀ ń gbọ́ ìka mi tí ń yọ̀ lórí okùn. Lẹ́yìn náà ó ṣí ìlù, ó ṣí jìtá, ó ṣí kíbọ́ọ̀dù, ó ṣí ohùn akọrin, lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó ti ń ṣí wọn ni ohùn béèsì yẹn ń rí ibi jókòó. Nígbà tí gbogbo wọn pé, àfi bí ẹni pé òun ni ó gbé àwọn tó kù lérí. Ó wá gbé béèsì olókùn márùn-ún mi sí àyè kan náà kí n lè fi wéra, n kò sì rí ohun tí mo lè sọ.

Okùn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ béèrè nípa rẹ̀. Okùn tèmi ni irú èyí tí a ń pè ní roundwound, tí irin tí a fi wé e rí róbótó, tí ó máa ń ha ìka tí ó sì máa ń dún gooro. Ti ẹ̀gbọ́n ni flatwound, tí irin tí a fi wé e jẹ́ pẹlẹbẹ, tí ara rẹ̀ ń yọ̀ bọ̀rọ́. Ó ní òun kò tíì pààrọ̀ rẹ̀ rí láti ìgbà tí òun ti fi í sí i. Mo rò pé àìrówóná ni, títí mo fi kà nípa James Jamerson, ẹni tí ó ta béèsì sínú ọ̀pọ̀ orin tí ilé-iṣẹ́ Motown gbé jáde ní Detroit ní àwọn ọdún 1960. Precision Bass ti ọdún 1962 ni ó ń lò, flatwound ni ó fi sí i, kì í sì í pààrọ̀ okùn àyàfi tí ó bá já. Ìka kan ṣoṣo ni ó fi ń ta á. Mo padà lọ gbọ́ àwọn orin kan tí mo ti mọ̀ láti kékeré, tí n kò tẹ́tí sí béèsì inú wọn rí, mo sì rí i pé ohùn tí mo pè ní òkú ohùn lórí jìtá ẹ̀gbọ́n ni ohùn tí ó ti ń mú mi jó láti ìgbà èwe.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e ni n kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn láti máa rántí. Mo di ajíhìnrere béèsì olókùn mẹ́rin. Bí ọmọdé kan bá gbé olókùn mẹ́fà wá, mo ti ń rẹ́rìn-ín kí ó tó fi wáyà sí i. Mo ń sọ pé ẹni tí kò bá lè sọ tẹnu rẹ̀ lórí okùn mẹ́rin, kò ní nǹkan sọ. Mo ń jiyàn lórí pákó, pé irú pákó báyìí ni ó ń dún báyìí, bí ẹni tí ó gbé inú igi dàgbà. Òǹkà ni mo ṣì fi ń ṣe ìdájọ́, àfi pé mo ti yí i padà: ohun tí ó kéré ni mo wá sọ di ohun tí ó dára.

Orin kan ni ó gba ìwà yẹn lọ́wọ́ mi. Ẹgbẹ́ kan pè mí láti bá wọn ta béèsì, orin wọn wà ní E-flat, ọwọ́ òsì ẹni tí ń tẹ kíbọ́ọ̀dù wọn sì ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí D àti C ìsàlẹ̀ tí kò sí lára béèsì olókùn mẹ́rin tí mo gbé lọ. Ní gbogbo ibi tí orin ti fẹ́ jókòó sílẹ̀, òkè ni mo ń sá lọ, bí ẹni tí wọ́n ní kí ó jókòó tí ó lọ dúró sórí àga. Olórí wọn wò mí, ó ní, “Ṣé o kò ní okùn ìsàlẹ̀ ni?” Mo ní i o. Ó wà nílé nínú àpò, mo sì ti yọ bátìrì rẹ̀. Nígbà tí mo gbé e dé lọ́jọ́ kejì, mo fi gbogbo bọ́tìnì rẹ̀ sí àárín láìfi kún, láìdín, mo fi ọwọ́ ọ̀tún jẹ́jẹ́ ta á níbi tí ọrùn ti pàdé ara jìtá, ó sì ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń fẹ́. Béèsì tí mo ti ń bú fún ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn.

Ọwọ́ ọ̀tún yẹn, ó yẹ kí ẹnì kan ti sọ nípa rẹ̀ fún mi láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Lórí béèsì kan náà, láìfọwọ́ kan bọ́tìnì kankan, bí mo bá ta okùn nítòsí ibi tí a so ó mọ́ nídìí, ohùn rẹ̀ á le, á sì mú. Bí mo bá sún ọwọ́ lọ sí ìdí ọrùn, á rọ̀, á sì tóbi. Bí mo bá ta á líle, àárín rẹ̀ á fò jáde. Bí mo bá fi ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́, á kúrú bí ìlù. Ọ̀nà tí ó wà láàárín ibi méjèèjì kò ju bí ọwọ́ kan ṣe fẹ̀ tó lọ, owó tí mo sì ti ná láti wá ìyàtọ̀ yẹn lára béèsì mìíràn, n kò fẹ́ kà á. Ti pákó, mo ti dákẹ́ iyàn.

Ohun kejì tí ó yí ojú mi padà ni àtúnṣe. Mo ní béèsì kan tí mo kórìíra fún odidi ọdún méjì, irú èyí tí ó jọ Jazz Bass tí Fender gbé jáde ní 1960, tí ó ní píkọ́ọ̀pù méjì, tí ọrùn rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́ sí i lápá òkè. Okùn rẹ̀ ga, ìka máa ń dùn mí lórí rẹ̀, bí mo bá sì lọ sí ọ̀nà ìsàlẹ̀ ọrùn, ohùn rẹ̀ kì í bá ti àwọn yòókù mu. Mo ti sọ fún gbogbo ẹni tí ó fẹ́ gbọ́ pé béèsì burúkú ni. Ẹnì kan tí ó ń tún jìtá ṣe ni mo gbé e fún pé kí ó bá mi tà á. Kò dá mi lóhùn. Ó tẹ okùn E mọ́ fúrẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ àti èyí tí ó kẹ́yìn, ó di ojú kan, ó ń wo àlàfo tí ó wà lábẹ́ okùn ní àárín ọrùn. Ó fi hàn mí: a fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ti káàdì méjì bọ àlàfo náà, nígbà tí ó yẹ kí ó jẹ́ pé díẹ̀ bíńtín ni. Ọ̀pá irin kan wà nínú ọrùn tí ń bá agbára okùn fà á. Okùn ti fà á borí. Ó ki kọ́kọ́rọ́ onígun mẹ́fà bọ̀ ọ́, ó yí i díẹ̀, kò tó ìdámẹ́rin àyíká, ó gbé e kalẹ̀, ó dúró, ó tún yí i. Ó rẹ okùn sílẹ̀. Ó wá ta okùn kọ̀ọ̀kan ní ṣíṣí, ó tún tẹ̀ ẹ́ ní fúrẹ́ẹ̀tì kejìlá, ó ń sún irin kékeré tí okùn jókòó lé nídìí síwájú sẹ́yìn títí ohùn méjèèjì fi bára mu. Gbogbo rẹ̀ kò gbà á ju wákàtí kan lọ. Ó ní kí n ta á wò kí n tó tà á fún ẹlòmíràn. N kò tà á fún ẹnikẹ́ni. Ó ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Láti ọjọ́ náà ni n kò ti gbà gbọ́ mọ́ bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé béèsì kan burú, tí kò bá tíì sọ bí okùn rẹ̀ ti ga tó àti ìgbà tí a yẹ ọrùn rẹ̀ wò kẹ́yìn. Mo sì fi ojú kan náà wo ọ̀rọ̀ tí èmi fúnra mi ti sọ lẹ́yìn.

Ara náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tirẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, béèsì tí ó wúwo ni mo pè ní ojúlówó. Nísinsìnyí tí èjìká ti ń dùn mí lẹ́yìn wákàtí méjì lórí ìdúró, ìwọ̀n ni ohun àkọ́kọ́ tí mo ń béèrè. Mo tún máa ń wò ó bóyá orí rẹ̀ ń fà sílẹ̀ bí mo bá jáwọ́ lára rẹ̀, nítorí béèsì tí ọwọ́ òsì gbọ́dọ̀ máa gbé dúró kò jẹ́ kí ọwọ́ náà ráyè ṣiṣẹ́. Mo ti bú àwọn béèsì kúkúrú rí pé ti ọmọdé ni wọ́n, èyí tí gígùn okùn wọn jẹ́ nǹkan bí íǹṣì 30 dípò íǹṣì 34 tí ó wọ́pọ̀. Mo gbàgbé pé irú rẹ̀, Höfner tí ó ní ìrísí fáyólìn, ni Paul McCartney, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ akọrin Beatles, rà ní Hamburg ní 1961, tí ó sì fi ta àwọn orin tí gbogbo ayé mọ̀. Mo ra kúkúrú kan ní ọdún tí ọrùn ọwọ́ mi ń yọ mí lẹ́nu. Ohùn rẹ̀ tóbi, ó rọ̀, kò sì bá gbogbo orin mu, ṣùgbọ́n òun ni mo máa ń gbé lọ síbi tí eré bá ti máa pẹ́.

Kì í ṣe gbogbo wa ni a gba ọ̀nà kan náà. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ bẹ̀rẹ̀ lórí olókùn mẹ́rin ti wà lórí olókùn mẹ́fà báyìí, ó sì ń ta á ní ọ̀nà tí n kò lè fẹnu kẹ́gàn, nítorí pé ó ń fi í ta odidi orin láìsí ẹni tí ó bá a gbè é. Òmíràn gbọ́ orin olóògbé Jaco Pastorius, ọ̀jáfáfá tí ó máa ń ta Jazz Bass ti 1962 tí kò ní fúrẹ́ẹ̀tì, ó sì lọ fa fúrẹ́ẹ̀tì ara béèsì tirẹ̀ tu. Ọdún kan gbáko ni kò fi lè bá wa kọrin nítorí pé ohùn rẹ̀ ń yà sápá òkè, ń yà sápá ìsàlẹ̀. Nígbà tí ó padà dé, etí rẹ̀ ti mú ju ti gbogbo wa lọ. Mo dúró ti tèmi, mi ò sì sọ pé kí wọ́n wá bá mi níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ti fi jìtá olókùn dúdú náà sílẹ̀ fún mi pátápátá ní ọdún tí ó dá béèsì títa dúró. Ní oṣù tó kọjá, irin tí a fi wé okùn E rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú níbi tí a ti ká a mọ́ orí jìtá, kò sì sí ọgbọ́n tí mo lè dá sí i mọ́. Mo pààrọ̀ okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Irú kan náà ni mo rà, flatwound tí ó nípọn bákan náà, ṣùgbọ́n tuntun ni wọ́n, wọ́n sì ń dún gooro bí ohun tí mo ti kọ́kọ́ ń wá kiri nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́. Mo ń ta á láràárọ̀ àti lálaalẹ́ báyìí, mi ò sì ń nu òógùn ara rẹ̀, kí ó lè tètè gbó. Onílù wa ti béèrè lẹ́ẹ̀mejì lọ́wọ́ mi pé ta ni mo lọ yá béèsì lọ́wọ́ rẹ̀.